Àbẹ̀kẹ́ ni àbí Àṣàkẹ́? Ìkómọ ku ọjọ́ márùn-ún, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáÀbíyè:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá. Mo bí ọmọbìnrin lálẹ́ Mọ́ńdè, èmi àti ọmọ wà ní àlàáfíà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọdún méje la fi wá a. Ọdún méje o, kì í ṣe oṣù méje. Mi ò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọsibítù àti ti ilé aláàfáà, ẹni tó bá ti rin ọ̀nà yẹn rí ló mọ bó ṣe rí.

Orúkọ ló gbé mi wá síbí. Àáfà máa sọ ọ́ ní Àíṣà, kò sí wàhálà nínú ìyẹn, gbogbo wa la fẹ́ ẹ. Oríkì ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, oríkì yẹn la sì fẹ́ máa pè é nílé, òun náà la fẹ́ kó wà nínú sátífíkéètì. Dádì ẹ̀ ní Àṣàkẹ́, torí òun ni oríkì màmá tó bí wọn, màmá ṣì wà láyé, ní Ọ̀fà. Èmi ní Àbẹ̀kẹ́, torí mo bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ Ọlọ́run, mo bẹ èèyàn, mo bẹ ara mi pàápàá pé kó má tíì rẹ̀ ẹ́. Bí mo bá pe Àbẹ̀kẹ́, ìtàn ara mi ni mò ń sọ yẹn.

Kò sí ariwo láàrin wa, ṣùgbọ́n ilé ti pa lọ́lọ́ láti àná. Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni ìkómọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì, tàbí tí ẹ ní ọmọ tó ń jẹ́ ẹ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ_Ìsẹ́yìn:
Ẹ kú ewu ọmọ o! Ọlọ́run á dá a sí. Àbẹ̀kẹ́ lèmi máa mú, kíákíá. Àṣàkẹ́ báyìí, olórin ni gbogbo èèyàn ń rò. Àbúrò mi obìnrin ń jẹ́ Àṣàkẹ́, ọdún 1998 ni wọ́n bí i, kò sẹ́ni tó bá a sọ nǹkan kan nípa ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi wà ní súkúù, ṣùgbọ́n láti bí ọdún mélòó kan báyìí, bó bá ti dárúkọ ara ẹ̀ báyìí, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin sí i lójú, ó sì ti sú u.

Ìyá_Ìbejì_Mushin:
Ẹ kú ewu o. Àbẹ̀kẹ́.

Bàbá_Rẹ́kọ́ọ̀dù:
@Ọmọ_Ìsẹ́yìn ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ olórin lé orúkọ yẹn dànù. Ahmed Ọlọ́ladé ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin yẹn, orúkọ ìyá ẹ̀ ló mú tó fi ń kọrin. Ọkùnrin tó gbé orúkọ ìyá ẹ̀ dé gbọ̀ngàn O2 ní London ní 2023, tí ilé ńlá yẹn kún, tí àwọn ọmọ tí ò gbọ́ Yorùbá rárá ń pariwo Àṣàkẹ́, ṣé ohun tó yẹ ká fi sá fún orúkọ náà nìyẹn? Èmi rò pé àwọn olórin ló bá wa tọ́jú oríkì nígbà tí àwa tá a kàwé ń tijú ẹ̀. Sàláwà Àbẹ̀ní nìyẹn, ọmọdé ló ṣì jẹ́ nígbà tó ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ ní 1976, ikú Múrítàlá ló kọ lórin. Bàtílì Àlàkẹ́ ti wà nídìí wákà ṣáájú ẹ̀. Ẹ bọ́ sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin, Síkírù Àyìndé, Àyìnlá Ọmọwúrà. Oríkì ni gbogbo ẹ̀. Lásìkò yẹn, ní súkúù tí mo lọ, tí èèyàn bá pe ara ẹ̀ ní Àyìndé wọ́n á ní ará oko ni, Francis àti Comfort là ń jẹ́. Nítorí náà Àṣàkẹ́ tàbí Àbẹ̀kẹ́, ó ti dùn mọ́ mi nínú pé sátífíkéètì lẹ fẹ́ kọ ọ́ sí.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì:
Ẹ kú oríire, ìyá ọmọ. Ẹ jẹ́ n tú ọ̀rọ̀ náà díẹ̀, torí mo rí i pé orí ìtumọ̀ ni ẹ dúró lé. Àbẹ̀kẹ́, à-bẹ̀-kẹ́, ẹni tí a bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń túmọ̀ ẹ̀ sí ẹni tí àwọn èèyàn ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ìyá ẹ̀ jẹ́ káwọn náà kẹ́ ẹ, ìyẹn ni pé ọmọ náà wuni débi tí gbogbo agboolé fi ń tọrọ ẹ̀ láti gbé. Méjèèjì ni mo ti gbọ́ lẹ́nu àgbà. Tó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ ọdún méje yẹn gan-an lẹ fẹ́ kí orúkọ sọ, Àbẹ̀ní ló bá a mu jù, ẹni tí a bẹ̀ kí a tó ní, tàbí Àbẹ̀bí, ẹni tí a bẹ̀ kí a tó bí. Ní ti Àṣàkẹ́, ṣíṣà ló wà níbẹ̀, bí èèyàn ṣe máa ń ṣa ọjà, á yẹ ọ̀pọ̀ wò, á mú èyí tó wù ú. Ẹni tí a ṣà lẹ́ṣà, tí a wá ń kẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé oríkì obìnrin, kíkẹ́, níní àti bíbí ló máa ń gbẹ̀yìn púpọ̀ nínú wọn, Àjọkẹ́, Àmọ̀kẹ́, Àdùkẹ́, Àṣàbí, Àbẹ̀ní. Ti ọkùnrin ni ìjà máa ń wà nínú ẹ̀, Àjàní, Àjàgbé. Ọ̀kan ṣoṣo ni èèyàn sì máa ń ní. Ẹ ò lè sọ pé ẹ fẹ́ kó jẹ́ Àbẹ̀kẹ́ Àṣàkẹ́ kí ìjà lè parí, oríkì kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń tò.

Àǹtí_Ọlọ́yún:
Hà, bàbá, mo fẹ́ dábàá àtòpọ̀ yẹn gan-an tẹ́lẹ̀ 😂 ẹ ṣeun o

ÌyáÀbíyè:
Ẹ ṣé o, ẹ̀yin bàbá, ẹ ṣé. Ọ̀rọ̀ Àbẹ̀ní yẹn dún mọ́ mi létí, mi ò rò ó débẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n Àbẹ̀kẹ́ ti wà lẹ́nu mi látìgbà tí oyún ti wà ní oṣù mẹ́ta, mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ lórúkọ yẹn.

Peckham_Màmá:
Ẹ kú ewu ọmọ o. Èmi kàn fẹ́ sọ ti ìwé, torí ó ti jẹ mí níyà. Níbí ní London, ọjọ́ 42 ni wọ́n fún wa láti lọ fi orúkọ ọmọ sílẹ̀, a lọ, mo kọ Àṣàkẹ́ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ ẹ̀, ẹni tó wà lórí kọ̀ǹpútà kàn kọ Asake. Kò burú. Ìgbà tá a wá fẹ́ ṣe pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà fún un, bàbá ẹ̀ ló kọ fọ́ọ̀mù, ó kọ Ashake, torí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílé wọn ní Èkó nìyẹn. Ọmọ kan, orúkọ méjì, lẹ́tà kan péré. Ẹ wá wo lẹ́tà, ẹ wo àfídáfíìtì, ẹ wo lílọ bíbọ̀. Àbẹ̀kẹ́ ò ní irú wàhálà yẹn. Bí wọ́n yọ gbogbo àmì kúrò ó kù Abeke, kò sí ẹlòmíì tó máa kọ ọ́ ní ọ̀nà míì. Bó bá di ìwé ìdánwò àti NIN lọ́jọ́ iwájú ẹ máa rántí mi.

Ìyàwó_Àgbà:
Ìyá ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi. Gbogbo ohun tí wọ́n ti ń sọ látòkè, kò sẹ́ni tó tíì sọ èyí tó ká mi lára jù. Àṣàkẹ́ ni oríkì ìyá ọkọ yín. Màmá ṣì wà láyé. Ṣé ẹ̀yin máa lè la ẹnu yín pè é?

Mo ń béèrè torí mo ti wà níbẹ̀. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ìyàwó ò gbọdọ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni tó bá nílé ọkọ, títí dórí ọmọ ọdún márùn-ún tí wọ́n bí ṣáájú kó tó wọlé. Èmi ni mo sọ àwọn àbúrò ọkọ mi ní Ìbàdíàrán, Adúmáradán, Akọ̀wé, wọ́n ti dàgbà báyìí, ohun tí mo ṣì ń pè wọ́n nìyẹn. Nígbà tí mo wá bí àkọ́bí mi obìnrin, wọ́n fún un ní Àjọkẹ́, oríkì ìyá ọkọ mi. Inú gbogbo ilé dùn, inú tèmi náà dùn. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ò lọ síbẹ̀. "Màmá" ni mò ń pè é. Ọdún 19 nìyí, mi ò tíì pe ọmọ mi lórúkọ rí lójú ìyá ọkọ mi.

Ọjọ́ kan, ọmọ yẹn á ti tó ọdún mẹ́rin, ó sáré já sójú títì, mọ́tò ń bọ̀. Mo ké "Màmá!" Ìyá ọkọ mi tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló dá mi lóhùn, "Kí ló dé?" Ọmọ ò tiẹ̀ wẹ̀yìn, torí èèyàn méjì ló ń jẹ́ Màmá nínú ilé wa, ó ti mọ́ ọn lára pé kì í ṣe òun ni mò ń pè ní gbogbo ìgbà. Ọlọ́run ló yọ wá, onímọ́tò yẹn ló tẹ bíréèkì. Mo ṣì máa ń gbọ́ ohùn yẹn lójú oorun.

Nítorí náà ẹ bi dádì ẹ̀ léèrè. Bóyá ilé tiyín ò le bíi tiwa. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ ló máa ń pe ọmọ jù láyé yìí, tí kò bá lè pè é, ta lẹ sọ ọmọ ọ̀hún fún?

Ìyá_Ìbejì_Mushin:
Hà. Àyà mi já o.

Ọmọ_Ìsẹ́yìn:
Òótọ́ ni. Ìyá mi náà, "Ìyá Kékeré" ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi, ìdí kan náà.

Ọlọ́fà_Mọjọ̀:
Èmi ọmọ Ọ̀fà rèé, mi ò lè dákẹ́. Àṣàkẹ́! Ẹ pè é kẹ́ ẹ gbọ́, "Àṣàkẹ́ Òkín, ọmọ Ọlọ́fà mọjọ̀." Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ìjà kan ìjà kàn tí wọ́n ń jà lọ́fà... ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ pé ìyàwó ò lè pe orúkọ, ayé ti yí padà, ìyàwó tèmi ń pe gbogbo èèyàn nílé wa lórúkọ, a ò rí i bí ìwà àìlójútì. Tí ìyá bàbá bá sì wà láyé tó rí ọmọ ọmọ ẹ̀ tó ń jẹ́ oríkì ẹ̀, ayọ̀ yẹn máa pọ̀ lọ́kàn ẹ̀. Bùrọ̀dá wa ò ṣe nǹkan burúkú o, ìyá ẹ̀ ló fẹ́ dá lọ́lá.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì:
@Ọlọ́fà_Mọjọ̀ ẹ ṣeun, ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn gan-an ló yẹ kí bàbá ọmọ gbọ́. Òkín tẹ́ ẹ fi kún un yẹn, orílẹ̀ ni, ìyẹn orúkọ ìran. Ti bàbá ni orílẹ̀, ọmọ ò ní yàn án, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Bí wọ́n bá sọ ọmọ yìí ní Àbẹ̀kẹ́, Àbẹ̀kẹ́ Òkín náà ni, ọmọ Ọlọ́fà mọjọ̀ náà ni, láti ọjọ́ tí wọ́n bí i títí dọjọ́ alẹ́ ẹ̀. Ilé bàbá ti wà lórí orúkọ náà kí ẹnikẹ́ni tó jíròrò, ohun tí ìyá ń tọrọ ò tiẹ̀ pọ̀ rárá lójú tèmi.

Ọlọ́fà_Mọjọ̀:
Alàgbà, mo gbà fún yín níbẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ Òkín náà dùn lẹ́nu, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n Àṣàkẹ́ ni mo ṣì wà.

Nọ́ọ̀sì_Àyọ̀ká:
Ẹ kú ewu ọmọ. Èmi máa sọ tèmi, bóyá kò ní dùn mọ́ yín. Ẹ má kọ oríkì sínú sátífíkéètì rárá, ì báà jẹ́ Àbẹ̀kẹ́ ì báà jẹ́ Àṣàkẹ́.

Oríkì mi ni Àyọ̀ká. Ìyá mi kì í pè é lójoojúmọ́. Tó bá pe orúkọ ìwé mi, mo ti mọ̀ pé mo ti da nǹkan nù tàbí mo ti gbàgbé iná lórí sítóòfù. Tó bá wá di àárọ̀, tí mo kúnlẹ̀ kí i, Àyọ̀ká ni, pẹ̀lú gbogbo ohun tó ń tẹ̀ lé e, ara mi á rọ̀. Lọ́dún tí mo feélì ìdánwò nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, mo tilẹ̀kùn mọ́rí, mi ò jẹun, bàbá mi kan ilẹ̀kùn títí, mi ò ṣí i. Ìyá mi kàn dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló ní, "Àyọ̀ká." Ẹ̀ẹ̀kan. Mo ṣí i. Mi ò rò pé mo máa ṣí i ká ní orúkọ tí gbogbo tíṣà fi ń kà mí nínú rẹ́jísítà ni. Tí Àbẹ̀kẹ́ bá jẹ́ ohun tí tíṣà, lańlọ́ọ̀dù àti akọ̀wé báǹkì á máa pè é, kí lẹ máa fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún?

ÌyáÀbíyè:
Àǹtí nọ́ọ̀sì, mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mẹta, omi bọ́ lójú mi, bóyá ara ìbímọ ni. Òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ lórí ìwé. Èmi ò ní oríkì. Èkó ni wọ́n bí mi sí, ìyá àgbà mi ti kú kí wọ́n tó bí mi, àwọn òbí mi ò rántí fún mi. Mi ò mọ̀ pé nǹkan kan ni títí dọjọ́ ìgbéyàwó mi. Mo kúnlẹ̀ síwájú àwọn bàbá mi kí wọ́n wúre fún mi, alága ìjókòó ní kí wọ́n pe oríkì ìyàwó kó fi yìn ín jáde nílé bàbá ẹ̀. Gbogbo èèyàn ń wo ara wọn. Bàbá mi wo ìyá mi. Ìyá mi wolẹ̀. Alága náà gbọ́n, ó kàn ní "Àdùkẹ́!", àwọn onílù gbà á, ijó bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn ò mọ̀. Èmi mọ̀. Orúkọ tí ẹni tí mi ò mọ̀ rí fún mi láàárín ìṣẹ́jú kan ni mo fi jáde nílé bàbá mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó wà níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè gbàgbé ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àyọ̀ká:
Ah. Ẹ má bínú, àbúrò mi. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà. Kẹ́ ẹ kàn jẹ́ kí Àíṣà ṣáájú, kí súkúù máa pe Àíṣà, kí ilé máa pe Àbẹ̀kẹ́.

Peckham_Màmá:
Mo fara mọ́ èyí pátápátá.

Ìyàwó_Àgbà:
Ìbéèrè kan ló kù, ẹ̀yin ò sì tíì dáhùn ẹ̀. Ṣé ẹ ti bi Màmá fúnra wọn? Ẹ̀yin méjèèjì ń jà sí orúkọ wọn, wọ́n sì jókòó sí Ọ̀fà. Nígbà tiwa ìyá àgbà ló ń fún ọmọ ní oríkì, bàbá àti ìyá ọmọ kàn máa ń gbọ́ ọ ni.

ÌyáÀbíyè:
Àwa ò bi wọ́n o. Dádì ẹ̀ fẹ́ fi ya wọ́n lẹ́nu lọ́jọ́ ìkómọ. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ ní Agége láti wá wẹ ọmọ. Màá rí bí mo ṣe máa sọ ọ́.

Ọmọ_Ìsẹ́yìn:
A ń dúró o. Ẹ má jẹ́ kí oorun ọmọ tuntun mú yín gbàgbé wa.

Àǹtí_Ọlọ́yún:
Mọ́ńdè ti kọjá, Túsìdé ti kọjá, ìyá ọmọ dà?

ÌyáÀbíyè:
Ẹ má bínú, ẹ̀yin èèyàn mi, àlejò ò jẹ́ n fọwọ́ kan fóònù. A ti kó ọmọ jáde. Àíṣà Àbẹ̀kẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe lọ. Màmá dé lọ́jọ́ Fúráìdè, wọn ò tíì jókòó tí wọ́n ti ní kí wọ́n gbé omi lọ́wọ́ọ́rọ́ wá. Wọ́n na ẹsẹ̀ wọn, wọ́n tẹ́ ọmọ sí i, wọ́n ń fi kànìnkànìn wẹ̀ ẹ́, ọmọ ń ké. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń bu omi fún wọn, ọkàn mi ń lù kìkì, mo wá ní, "Màmá, oríkì wo lẹ máa fún un?" Wọn ò wò mí. Wọ́n ní kí lèmi fẹ́ràn. Mo ní bàbá ẹ̀ fẹ́ kó jẹ́ orúkọ yín. Wọ́n ní, "Ìwọ ńkọ́?" Mo dákẹ́. Wọ́n ní, "Mo bi ọ́." Mo wá sọ ọ́, mo ní mo bẹ̀ ẹ́ ni, ẹ̀yin náà mọ̀.

Wọ́n yí ọmọ padà, wọ́n ń fọ ẹ̀yìn ẹ̀. Wọ́n ní, "Mo mọ̀." Wọ́n ní gbogbo ọdún tá a fi ń wá ọmọ yìí, kò sí àsùbáà kan tí àwọn ò dárúkọ mi. Wọ́n ní tí a bá sọ ọ́ lórúkọ àwọn, báwo ni màá ṣe máa pè é, ṣé màá máa pe ọmọ tí mo fi ọdún méje wá ní "ẹ̀yin" ni? Mo wá rántí ohun tí ẹnì kan sọ níbí, mo ní, ṣé kó wá jẹ́ Àbẹ̀ní ni, onítọ̀hún ní ìyẹn ló ń sọ ti ẹni tí a bẹ̀ kí a tó ní. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "A ti bẹ̀ ẹ́, a ti ní in. Kíkẹ́ ló kù."

Dádì ẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn wọlé wá gba kẹ́tù omi tó ti tutù lọ́wọ́ mi, ó lọ pọn òmíì.

Ìyàwó_Àgbà:
Ẹ bá mi kúnlẹ̀ kí Màmá yẹn.

Ọlọ́fà_Mọjọ̀:
Ọmọ Ọlọ́fà ni wọ́n lóòótọ́. Àbẹ̀kẹ́ Òkín, káàbọ̀ sílé. Mo gba kámú.

Peckham_Màmá:
Kí ni wọ́n kọ sórí sátífíkéètì? Ẹ ti lọ?

ÌyáÀbíyè:
Dádì ẹ̀ ló máa lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti kọ ọ́ sí ìwé kékeré fún un, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kó má lọ fẹnu sọ ọ́. Ọmọ ti jí, ẹ jẹ́ n lọ. Màmá ti gbọ́ ẹkún ẹ̀ kí n tó dìde, wọ́n ti ń pè é.